"Mọ̀ọ́mọ̀" tàbí "dìídì": èwo ni ká fi bi èèyàn?

Ẹ̀yin ará, mo ti ka àbá tó wà nílẹ̀ lórí bí a ṣe máa gbé ìbéèrè Joshua Knobe, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Amẹ́ríkà, wá sí Yorùbá. Iṣẹ́ tó yẹ ká ṣe ni. Àmọ́ n kò fara mọ́ "mọ̀ọ́mọ̀" tí wọ́n lò níbẹ̀ fún "intentionally" rárá.

Fún ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà: lọ́dún 2003, Knobe gbé ìtàn alága iléeṣẹ́ kan síwájú àwọn èèyàn ní Manhattan, nílùú New York. Igbákejì alága sọ fún un pé iṣẹ́ tuntun kan máa mú èrè wá, yóò sì ba àyíká jẹ́. Alága ní èrè lòun ń wá, ọ̀rọ̀ àyíká ò kan òun. Wọ́n ṣe é, àyíká sì bà jẹ́. Ìdá 82 nínú 100 ní ó dìídì bà á jẹ́. Ìtàn kan náà ni wọ́n fún àwọn yòókù, àfi pé iṣẹ́ náà máa tún àyíká ṣe. Níbẹ̀, ìdá 23 péré ló ní ó dìídì tún un ṣe.

Ẹ wá wo "mọ̀ọ́mọ̀". Ọmọ fọ́ àwo, a ní ó mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ ọ ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ṣẹ̀ là ń pè ní àmọ̀ọ́mọ̀dá. Ta ló ń sọ pé "ó mọ̀ọ́mọ̀ ràn mí lọ́wọ́"? Ọ̀rọ̀ náà ti dá ẹjọ́ kí ẹni tí à ń bi tó lanu. Bí èsì tiwa bá jọ ti Manhattan, a ò ní mọ̀ bóyá èrò àwọn èèyàn ni àbí ọ̀rọ̀ tí a fi bi wọ́n. "Dìídì" dára jù: èèyàn lè dìídì wá kí ọ, ó lè dìídì wá bú ọ.

"Ojúṣe" tí wọ́n lò fún "responsibility" náà ò bá a mu. Ohun tó yẹ kéèyàn ṣe ni ojúṣe, lẹ́yìn tí nǹkan bá ti bàjẹ́, ohun tí à ń béèrè ni "ẹ̀bi ta ni?"

Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni "kádàrá" tí wọ́n fẹ́ lò fún ìbéèrè tí Knobe àti Shaun Nichols, onímọ̀ ọgbọ́n-orí mìíràn, gbé jáde lọ́dún 2007. Nínú ayé tí wọ́n júwe, ohun tó ṣáájú ló fa gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, títí kan ohun tí èèyàn pinnu; wọ́n wá béèrè bóyá ẹ̀bi lè jẹ́ ti ẹni tó hùwà ibi níbẹ̀. Kádàrá ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tó máa ṣẹlẹ̀ á ṣẹlẹ̀, ohun yòówù kéèyàn pinnu. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá: ẹni tó bá gba èyí gbọ́ lè ní ẹ̀bi oníwà ibi náà ni, torí òun ló kúnlẹ̀ yàn án, èyí tí ìbéèrè náà ò bi í rárá. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ gbọọrọ: "ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló fà á tó fi pinnu bẹ́ẹ̀."

Ìwé mẹ́rin ni kí a tẹ̀: ìtàn ìbàjẹ́ àti ti àtúnṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú "mọ̀ọ́mọ̀" àti pẹ̀lú "dìídì". Èèyàn kan, ìwé kan. Ẹni tó bá rí ju ẹyọ kan lọ á mú ìdáhùn rẹ̀ bára mu. Èèyàn 40 fún ìwé kọ̀ọ̀kan ò pọ̀ jù. Ti ìbéèrè 2007, kí ẹni náà kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ tún ìtàn náà sọ. Bó bá ní "ohun yòówù kó ṣe, á ṣẹlẹ̀", kádàrá ló gbọ́. Kí a ya ìdáhùn rẹ̀ sọ́tọ̀, ká má da á nù.

"Òmìnira ìfẹ́-inú" ("free will") lè wà nínú àkọlé. Kó má wọ inú ìbéèrè.