Ṣé kí n já ewé ìsàlẹ̀ àgbálùmọ̀ yìí kí igi rẹ̀ lè sanra?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ mi gbin kóró àgbálùmọ̀ sínú báàfù tó ti lu nísàlẹ̀, lẹ́yìn ilé wa ní Bàrígà, láàárín ògiri àti fẹ́ǹsì. Ó ti ga dé orúnkún mi, àmọ́ igi rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń tẹ̀. Bàbá kan tó ń ta òdòdó létí títì ní kí n já gbogbo ewé ìsàlẹ̀, kó ku mẹ́ta péré lókè, pé ewé ló ń jẹ oúnjẹ igi. Ọkàn mi ò gbà á. Ẹ dákun, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Ṣúrúlérè: Ẹ má já a o! Ewé ló ń se oúnjẹ ọ̀hún.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ewéko, Akọkà: Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Inú ewé ni omi àti afẹ́fẹ́ ti ń di ṣúgà nígbà tí oòrùn bá ràn, ṣúgà náà á wá gba abẹ́ èèpo sọ̀ kalẹ̀ lọ bọ́ igi àti gbòǹgbò. Ohun mìíràn tún wà. Ọ̀mùnú àti ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là máa ń ṣe họ́móònù tí wọ́n ń pè ní auxin, tó ń ti òkè sọ̀ wá sísàlẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́ kan wà láàárín èèpo àti igi. Auxin ló ń ta á jí kó máa bí igi tuntun, ibẹ̀ ni sísanra ti ń wá. Tẹ́ ẹ bá já ewé tútù lẹ́ẹ̀kan náà, oúnjẹ tó kù nínú igi ni yóò fi hu òmíràn, sísanra á sì dúró ná.

Oníbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ewé rẹ̀ ṣáà pọ̀, kí ló dé tó fi tẹ́ẹ́rẹ́?

Àgbẹ̀ Agége: Ìbòòji ni. Igi tí ò rí oòrùn tó máa ń nà wá a ni, kò ní ráyè sanra. Ẹ máa sún un sí oòrùn díẹ̀díẹ̀ kí ewé má bàa jó. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀pá gbé e ró, ẹ má so ó le: igi tí atẹ́gùn ń mì máa ń ki. Ewé tó bá ti gbó tó ń pọ́n nìkan ni kẹ́ ẹ já.

Oníbéèrè: Àwọn ọmọkùnrin ilé kejì á bá mi gbé e síwájú ilé lọ́la, níbi tí oòrùn àárọ̀ ń dé.

Ìyá Ìbejì, Ṣúrúlérè: Ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ báàfù o, gbòǹgbò lè ti gba ojú ibi tó lu wọlẹ̀.