"Àjùlọ" àbí "aláìlẹ́gbẹ́": orúkọ wo ló yẹ "tallest"?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjíròrò o.

Mo ka àbá tó ní kí á máa pe "tallest" àti "most beautiful" ní "ọ̀rọ̀ àpèjúwe aláìlẹ́gbẹ́" bí a bá ń fi Yorùbá ṣàlàyé gírámà Gẹ̀ẹ́sì fún akẹ́kọ̀ọ́. Ó dùn létí, àmọ́ oríkì nìyẹn. "Worst" ń kọ́? Ẹni tó burú jù nínú olè mẹ́ta, ṣé aláìlẹ́gbẹ́ lòun náà? Èèyàn sì lè ga jù láàárín àwọn kúkúrú mẹ́ta, kó má ga rárá.

"Ìpele àjùlọ" ni èmi fara mọ́ fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "superlative". Ẹnì kan ti ta kò ó, ó ní "jù lọ" náà la fi ń fi ẹni méjì wéra, pé "Ó ga jù mí lọ" kò kọjá "taller". Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n "jù" gan-an ló ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú, kì í ṣe "lọ". "Ó ga jù" lè túmọ̀ sí pé ó ga kọjá bó ṣe yẹ, tàbí pé ó ga gan-an, tàbí pé gíga rẹ̀ borí ti gbogbo wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ yin orin á ní ó "too sweet", ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á rò pé ó ń ráhùn ni.

Wàyí o, ẹ fi "ni" sí i: "Òun ló ga jù." Ṣàṣà lẹni tó máa gbọ́ ìyẹn tó máa rò pé gíga rẹ̀ ti di àṣejù. "Ni" ti fa ẹnì kan yọ láàárín àwọn yòókù, iṣẹ́ yẹn náà sì ni "the" ń ṣe nínú "the tallest". Olùkọ́ tó bá fi "Ó ga jù" bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí ti fọwọ́ ara rẹ̀ da ọ̀rọ̀ rú. Kó fi "Òun ló ga jù" tàbí "ẹni tó ga jù" bẹ̀rẹ̀, "the" kò ní máa já bọ́ nínú ìwé ọmọ.

"Nínú" wá ńkọ́? "Òun ló ga jù nínú wọn": òun pàápàá wà lára wọn. "Ó ga ju gbogbo wọn lọ": ìta ló dúró sí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín "the tallest of them" àti "taller than all of them" nìyẹn, "nínú" ló sì gbé e dání. Nítorí náà, àtakò tí wọ́n ṣe sí "àjùlọ" kò dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì pín "nínú" wa yìí sí méjì: bí ẹ bá ń ka orí, "of the three"; bó bá jẹ́ ibì kan tàbí ẹgbẹ́ kan lódindi, "in the class". Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣì í kọ, tí wọ́n á ní "the tallest of the class".

Ní ti "-est" àti "most", wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ka sílébù: ọ̀rọ̀ kúkúrú á gba "-est", èyí tó gùn á gba "most". Pẹ̀lú etí ta ni? Sílébù kan péré ni "strong" lẹ́nu ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe èdè abínibí. Etí Yorùbá á gbọ́ sì-tí-rọ́-ǹ-gì, á wò ó pé ọ̀rọ̀ yìí gùn, á sì kọ "most strong". Ẹ kọ́kọ́ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà kí ẹ tó ní kí wọ́n kà á. "Best" àti "worst", àkọ́sórí ni, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀.

Ó ku "least". "The least expensive" lẹ́nu wa ni "èyí tówó rẹ̀ kéré jù". Abẹ́ àjùlọ ni mo máa fi í sí, "àjùlọ adínkù" ni mo sì máa pè é. Ẹni tó bá ní orúkọ tó dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó gbé e síta.