Bakitéríà inú ewé ìwòsàn: ṣé ewé ni ó ni agbára, àbí àwọn tí ń gbé inú rẹ̀?

Ọmọ Elékọ̀lé (Ìkọ̀lé-Èkìtì)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ìyá mi àgbà ni ó fi ewé mọ̀ mí, a sì ní ọgbà lẹ́yìnkùlé tí a gbin ewúro, efinrin, àbámọdá àti àsunwọ̀n sí. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ níbí ní Ìkọ̀lé sọ fún wa pé bí a tilẹ̀ fọ ewé títí tí omi rẹ̀ fi mọ́ gaara, bakitéríà, àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-ín tí ojú lásán kò lè rí, ṣì wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, kì í ṣe lára rẹ̀ lóde, àti pé ewé tí kò ní àrùn kankan gan-an ni òun ń sọ. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ Ìyá nínú, nítorí wọ́n rò pé ohun tí ọmọ náà ń wí ni pé ìdọ̀tí ni àwọn ti ń fún àwọn ọmọ mu láti ìgbà yìí wá.

Mo fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń wọ inú ewé, àti bóyá wọ́n lè pa ènìyàn lára. Èyí tó jẹ mí lógún jù ni pé ọmọ náà ní àwọn kan nínú wọn a máa ṣe oògùn fúnra wọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni ń wò wá sàn?

Oníláàbù Adó (Adó-Èkìtì)

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ sì bá mi kí Ìyá. Kí wọ́n fọkàn balẹ̀, kò sí ìdọ̀tí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wíwá irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ nínú ewé àti egbò ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe, nítorí náà n ó kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń mọ̀ pé inú ni wọ́n wà lóòótọ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣiyèméjì.

Bí a bá já ewé ewúro tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, a ó fi omi ẹ̀rọ ṣan erùpẹ̀ kúrò lára rẹ̀, a ó rì í sínú ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 70 nínú 100 fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, a ó gbé e bọ inú omi bílíìṣì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà a ó fi omi tí a ti fi ooru pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀ ṣan án léraléra. Omi ìṣankẹ́yìn yẹn ni ẹ̀rí wa. A ó kán an sórí ágà, ìyẹn oúnjẹ bakitéríà tó dì bí ẹ̀kọ tútù nínú abọ́ pẹrẹsẹ. Bí ohunkóhun bá hù láti inú omi náà, a jẹ́ pé ara ewé kò tíì mọ́, a ó sì da gbogbo rẹ̀ nù. Bí kò bá sí ohun tó hù, a ó fi abẹ tí a ti fi iná jó gé ewé náà wẹ́wẹ́, a ó tẹ́ ẹ sórí ágà mìíràn, a ó sì gbé e sí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi digirí 28 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ ó rí ohun funfun tàbí pupa rúsúrúsú tó ń yọ ní ojú ibi tí abẹ gbà kọjá. Ẹ̀yìn ewé á mọ́ síbẹ̀, ojú ọgbẹ́ yẹn nìkan ni wọ́n ń bá jáde.

Inú ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti ń wá. Nígbà tí gbòǹgbò kékeré bá ń yọ lára gbòǹgbò ńlá, ara gbòǹgbò ńlá a máa sán níbẹ̀, àwọn bakitéríà tó wà nítòsí á sì gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn mìíràn ń gba ihò wíwẹ́wẹ́ tí ewé fi ń mí, tàbí ibi tí kòkòrò jẹ, tàbí ibi tí ọkọ́ ṣá. Àwọn kan sì wà tí igi ìyá ti kó sínú hóró kí hóró náà tó bọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá wọlé tán, àárín sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì àti inú iṣan tí ń gbé omi ni wọ́n máa ń gbé, gbòǹgbò ni wọ́n sì ti sábà máa ń pọ̀ jù. Bacillus, Pseudomonas, Enterobacter àti Streptomyces wà lára àwọn tí a máa ń bá pàdé.

Wọn kì í gbé ibẹ̀ lásán. Ní ọdún 1988, àwọn onímọ̀ ní Brazil ròyìn bakitéríà kan nínú ìrèké tí ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ tí igi lè lò. Àwọn mìíràn ń bá igi tú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ilẹ̀, àwọn mìíràn sì ń ṣe ohun tí ń lé àrùn sẹ́yìn.

Apòògùn Ìdó (Ìdó-Èkìtì)

Ẹ ṣeun, Oníláàbù. Ẹ jẹ́ kí n mú apá tó kẹ́yìn nínú ìbéèrè náà, nítorí ó ti ń sú mi láti máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn pé bakitéríà ni ń ṣe gbogbo oògùn inú ewé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ewúro fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe ohun tó mú un korò, vernodalin sì jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Artemisinin tí a fi ń wo ibà, èyí tí Tu Youyou ará Ṣáínà tìtorí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015, inú àwọn irun wẹ́wẹ́ ara ewé Artemisia annua ni a ti ń pèsè rẹ̀, a sì mọ àwọn àbùdá igi náà (jíìnì, ìlànà iṣẹ́ tí ẹ̀dá ń jogún) tí ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ fi bakitéríà Pseudonocardia, tí wọ́n rí nínú irú ewéko yìí kan náà, sí ara rẹ̀, artemisinin rẹ̀ pọ̀ sí i. Igi ni ó ń se ọbẹ̀ náà, bakitéríà kàn ń koná mọ́ ọn ni.

Àmọ́, àwọn kan wà tí ń ṣe tiwọn lọ́tọ̀. Ní apá àríwá Ọsirélíà, ìtàkùn kan wà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ fi ń wo egbò ara. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ ròyìn pé àwọn rí Streptomyces kan nínú ìtàkùn náà, Kennedia nigricans, tí ń ṣe àwọn èròjà tí wọ́n pè ní munumbicin, tí ó sì ń pa oríṣiríṣi bakitéríà tí ń fa àrùn. Ẹ wo bí ó ti wúni lórí tó: ohun tí àwọn baba ńlá wọn ti rí lójú egbò, ó ṣeé ṣe kí bakitéríà yìí ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń kìlọ̀ nìyí. Ní ọdún 1993, wọ́n kéde pé fọ́ńgọ́ọ̀sì kan (ẹbí olú) tí ń gbé inú èèpo igi yew ní Amẹ́ríkà ń dá ṣe taxol, oògùn jẹjẹrẹ tí a mọ̀ mọ́ igi náà. Inú gbogbo ayé dùn, nítorí gígé èèpo yẹn ń pa igi. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní Jámánì wá àbùdá tó yẹ kó máa ṣe taxol nínú fọ́ńgọ́ọ̀sì náà, wọn kò rí i. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní bakitéríà kan ni ń ṣe oògùn inú ewé báyìí-báyìí, ẹ bi í léèrè àbùdá tó fi ń ṣe é, àti bóyá ó ṣì ń ṣe é lẹ́yìn tí ó ti pẹ́ nínú láàbù. Ọ̀pọ̀ wọn ni agbára yẹn máa ń dín kù lára wọn bí a bá ti mú wọn kúrò nínú igi.

Màmá Ẹlẹ́wé (Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì)

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi ni ó ń bá mi kọ èyí. Àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́ a máa bi wá pé níbo ni o ti wa egbò yìí, wọn kì í gba ti ẹ̀bá títì, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í gba èyí tó hù lórí ààtàn. Egbò orúwo tó ti ẹsẹ̀ òkè wá àti èyí tó ti àbàtà wá, wọ́n ní iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Ṣé ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ yìí ní ọwọ́ nínú rẹ̀? Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wa nípa agbo tí a sè: ṣé wọ́n ń kú sínú ìkòkò?

Oníláàbù Adó (Adó-Èkìtì)

Mà, ẹ ṣeun gan-an, ìbéèrè yín gba àròjinlẹ̀. Ilẹ̀ tí igi wà ni ó ń pinnu irú bakitéríà tí yóò wọ inú rẹ̀, ó sì tún ń pinnu omi àti oúnjẹ tí igi ń rí, nítorí náà ó lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀, bí kì í tilẹ̀ ṣe òun nìkan. Ààtàn tí àwọn àgbà kọ̀ yẹn, wọ́n jàre: bí omi ìgbẹ́ bá ń ṣàn sí ìdí ewé, bakitéríà tí ń fa inú rírun bíi Salmonella lè gba gbòǹgbò wọ inú rẹ̀, fífọ̀ kò sì ní mú un kúrò.

Ní ti ìkòkò, bí agbo bá hó dáadáa, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn á kú. Bacillus ni ó yàtọ̀, nítorí ó lè sọ ara rẹ̀ di hóró líle tí omi híhó kò pa. Bí agbo bá wá tutù tí a gbé e kalẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn hóró náà lè jí kí wọ́n sì máa bí sí i. Kí ẹ tún un hó lójoojúmọ́, kí ẹ sì da èyí tó bá ti yí òórùn padà nù. Èyí tí ẹ bá fi omidùn rẹ ní kíkan tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ bakitéríà gbèrú, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn gbójú lé e fún ọmọ ọwọ́.

Ọmọ Elékọ̀lé (Ìkọ̀lé-Èkìtì)

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti ka èsì yín fún Ìyá, wọ́n sì ní kí n béèrè ohun kan sí i: igi ewúro ni a máa ń gé gbìn, a kì í gbin hóró rẹ̀. Ṣé àwọn bakitéríà náà ń bá igi tí a gé lọ sí ọgbà tuntun? Omi ilé ìwẹ̀ tí ń ṣàn kọjá lẹ́bàá ewúro wa ńkọ́?

Oníláàbù Adó (Adó-Èkìtì)

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń bá a lọ, nítorí inú iṣan igi náà ni wọ́n wà, ilẹ̀ tuntun yóò sì tún fi tirẹ̀ kún un. Ẹ gé e lára igi tí ewé rẹ̀ kò ní àbàwọ́n, kí ẹ sì gbìn ín sí apá òkè ibi tí omi ilé ìwẹ̀ ń ṣàn gbà. Bí ẹ bá lè la ojú àgbàrá mìíràn fún omi náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Ewé tó wà lẹ́bàá omi yẹn lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ má já a sínú agbo tí ẹ kò ní sè.