Àbúrò mi ń gún abẹ́rẹ́ kí igẹ̀ rẹ̀ lè fẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 23, ń lọ gbé irin ní jíìmù kan nítòsí ilé wa ní Múṣin. Oṣù mẹ́rin péré, ara ẹ̀ ti wú bíi pé wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i. Inú wa tiẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ìgbà tí mo fẹ́ fọ ṣòkòtò ẹ̀ ni mo bá síríǹjì lápò, pẹ̀lú ìgò kékeré tí wọ́n kọ testosterone (họ́mónù ọkùnrin) sí. Ó ní Ìdúmọ̀tà lòun ti rà á, kóòṣì ló júwe ẹ̀. Irorẹ́ ti bo ẹ̀yìn ẹ̀, nǹkan kan sì le lábẹ́ orí ọmú ọ̀tún. Lánàá ó gbá ilẹ̀kùn mọ́ màmá wa lójú. Ṣé kí n da oògùn náà nù?

Bàbá Rẹ̀mí: Ẹ dà á sí ṣalánga! Mo wo Ben Johnson, asáré ìje ará Kánádà, lórí tẹlifíṣọ̀n níbi Òlíńpíìkì 1988. Ó sá ọgọ́rùn-ún mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 9.79, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n gba góòlù lọ́wọ́ ẹ̀. Stanozolol, irú sítẹ́rọ́ìdì tó ń mú iṣan wú bíi testosterone yìí, ni wọ́n bá lára ẹ̀.

Onírin Sùúrùlérè: Àǹtí, ẹ má dà á nù, òmíràn ló máa rà. Èmi náà gún un fún ọdún kan. Ohun tí kóòṣì ò sọ fún mi ni pé tí testosterone bá ti ń ti ìta wọlé, ara á dẹ́kun ṣíṣe tiẹ̀. Ẹpọ̀n mi sún kì. Mo wá fi í sílẹ̀ lójijì, ni gbogbo okun bá tán. Mo sunkún nínú dáńfó lọ́jọ́ kan láìnídìí (ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o). Nígbà tá a ń wá ọmọ, wọ́n ní kò sí irúgbìn nínú àtọ̀ mi. Dókítà ló bá mi tọ́jú ẹ̀. Ọmọ wa ti ń rìn báyìí.

Ìyá Sodiq: Ṣebí sítẹ́rọ́ìdì náà ni wọ́n ń fún ọmọ mi fún ikọ́ fée?

Nọ́ọ̀sì Adùkẹ́: Rárá, ìyẹn yàtọ̀, ẹ má dá oògùn ọmọ yín dúró. Ìyá Ìbejì, testosterone tó bá pọ̀ jù, ara máa ń sọ díẹ̀ nínú ẹ̀ di họ́mónù obìnrin. Ọyàn tó ń yọ nìyẹn, tó bá sì pẹ́, iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè mú un kúrò. Èyí tí a ò fojú rí ló ń bà mí lẹ́rù jù: ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀, iṣan ọkàn tó ń ki. Tó bá tún ń gbé oníhóró mì, ẹ̀dọ̀ náà wà nínú ewu. Ẹ má pariwo mọ́ ọn. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, kó rí dókítà họ́mónù, òun ló máa sọ bó ṣe máa jáwọ́. Ẹ bi í bóyá wọ́n jọ ń lo abẹ́rẹ́ kan náà, nítorí HIV àti mẹ́dọ̀wú.

Ìyá Ìbejì: Mo bi í. Àwọn mẹ́ta ló ń lo ọ̀kan. Lọ́jọ́ Ajé, gbogbo wọn là ń kó lọ.