Ọmọ aràn nínú ẹja salmon: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Alaska, ní Amẹ́ríkà, ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ mi fi ìwọ̀ mú ẹja salmon kan. Nígbà tí mo là á, mo rí ohun funfun kan tó ká jọ sínú ẹran rẹ̀, tó sì ń mira. Mo kà pé ọmọ aràn pẹlẹbẹ gígùn nì lè wà nínú ẹja yìí: ẹyin rẹ̀ a máa bá ìgbẹ́ ènìyàn tàbí ti béárì dé inú omi, yóò pa, ẹ̀dá omi tín-ín-tín tó jọ edé yóò gbé e mì, ẹja yóò sì jẹ ìyẹn náà. Bí ènìyàn bá jẹ ẹja ọ̀hún ní tútù, aràn náà lè dàgbà nínú ìfun rẹ̀ títí yóò fi gùn tó mítà 10.

Èyí tí a bá sè jinná kò bà mí lẹ́rù. Àmọ́ ọmọ mi ọkùnrin ti jẹ irú ẹja yìí nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ nìkan ni wọ́n fi rẹ ẹ́, ìyẹn kì í sì í pa aràn. Ṣé kí n tọrọ àyẹ̀wò ìgbẹ́ lọ́wọ́ dókítà nísinsìnyí, àbí kí n dúró di ọ̀sẹ̀ mélòó kan? Àti pé ọjọ́ 7 ní -20°C ni wọ́n ní kí a fi mú ẹja dì: ta ló ti fi ohun ìwọ̀n ooru yẹ fírísà ilé rẹ̀ wò, ṣé ó tutù tó bẹ́ẹ̀?