Ọmọ mi fẹ́ di òǹkọ̀wé bíi Tomi Adeyemi: báwo ni obìnrin náà ṣe débẹ̀ gan-an?

Bàbá Àbẹ̀kẹ́ (Lágere, Ilé-Ifẹ̀) béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ọmọbìnrin mi tó wà ní SS2 yá ìwé kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ọlidé, láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ mìíràn ti wọ ilé wa. Ó ka ìwé náà títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi là sí méjì, èmi ni mo jókòó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ kí a tó lè dá a padà fún ẹni tó ni ín. Children of Blood and Bone ni àkọlé rẹ̀, ìtàn àròsọ nípa idán àti àwọn òrìṣà Yorùbá ni, Tomi Adeyemi ló kọ ọ́. Ní báyìí, ẹ̀yìn ìwé ìṣirò ọmọ náà ti kún fún ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ, ó sì ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kò ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ́, iṣẹ́ tí Tomi ń ṣe ni òun yóò ṣe.

N kò lòdì sí ìwé kíkà, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ọmọ mi máa lé ohun tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń mú un. Kí ni obìnrin yìí kà ní yunifásítì? Kí ló ń ṣe jẹun kí ìwé rẹ̀ tó tà? Ṣé ó tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá? Ìyá mi ló jẹ́ kí n béèrè èyí tó gbẹ̀yìn, nítorí pé bí ọmọ náà ti ń túmọ̀ ìwé náà fún wọn, tó dé ibi tí wọ́n ti sọ pé Ọya ló ni ìyè àti ikú, màmá dáwọ́ dúró lórí ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó, wọ́n ní ẹni tó kọ ìyẹn kò bá àgbà jókòó.

Ìyá Ìkàwé (Mayfair, Ilé-Ifẹ̀) dáhùn pé:

Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ó pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú ìwé fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì lè sọ fún yín pé ìwé náà ni wọ́n ń jà sí jù lórí pẹpẹ mi.

Oṣù kẹjọ ọdún 1993 ni wọ́n bí Tomi Adeyemi ní Amẹ́ríkà, ẹ̀bá Chicago ló sì ti dàgbà. Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀ ti lọ. Dókítà ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé òkè òkun, takisí ló ń wà ní gbogbo àsìkò tó fi ń dúró kí wọ́n tẹ́wọ́ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ìyá rẹ̀ náà sì ń ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó. Inú ìtàn yìí ni ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ èdè wà: àwọn òbí náà kò kọ́ àwọn ọmọ wọn ní èdè ilé, nítorí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tètè bá ẹgbẹ́ mu níbi tí wọ́n wà. Kí a tó dá wọn lẹ́bi, mélòó nínú àwa tí a wà ní Ifẹ̀ níbí ni kì í fi Gẹ̀ẹ́sì jí ọmọ láàárọ̀?

Láti kékeré ló ti ń kọ ìtàn. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, òyìnbó tàbí ọmọ tí òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú jọ bí ni òun máa ń fi ṣe ẹ̀dá ìtàn òun, kò sí ẹni tó dúdú bíi tirẹ̀ nínú wọn. Litíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kà ní Yunifásítì Harvard. Lẹ́yìn náà ló rí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tó gbé e lọ sí Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní ilẹ̀ Bràsíìlì, níbi tí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé òrìṣà dé. Òjò ló lé e wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta nǹkan ìrántí, ibẹ̀ ló ti rí àwòrán àwọn òrìṣà. Ẹ wò ó, ọmọ Yorùbá ni, Bràsíìlì ló ti kọ́kọ́ fi ojú kan òrìṣà wa. Ohun kejì tó bí ìwé náà ni ìbínú: àwọn aláwọ̀ dúdú tí àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ń yìnbọn pa nígbà náà dùn ún dé egungun, ó sì sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ tó kọ sí ẹ̀yìn ìwé náà.

Ọmọ Awo (Òkè-Ìtasẹ̀, Ilé-Ifẹ̀) dáhùn pé:

Ẹ bá mi kí màmá. Ohun tí wọ́n sọ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé náà kò ṣìnà tán. Lọ́dọ̀ wa, Ọya ni ìjì, òun ni odò ńlá tí a fi orúkọ rẹ̀ pè, òun ni aya Ṣàngó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ọya àti egúngún kò ṣeé yà, àwọn ará Bràsíìlì sì di apá yẹn mú ju tiwa lọ: Iansã ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n gbà pé ó ń sin òkú dé ibi tó yẹ. Ẹni tó bá ti Bahia pàdé Ọya, kò lè yà á lẹ́nu pé ikú ló kọ́kọ́ rí lára rẹ̀.

Ẹ ó rí ipa ọ̀nà yẹn káàkiri inú ìwé náà. Oxosi ló kọ orúkọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń kọ ọ́ gan-an, tẹ́ḿpìlì kan sì wà níbẹ̀ tó sọ ní Chândomblé, tó jọ Candomblé, orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀sìn òrìṣà ní Bahia. Ìlọrin, Ìbàdàn àti Èkó náà wà nínú ìtàn, ṣùgbọ́n ìlú àlá ni wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má fi wá ọ̀nà.

Ibi tí mo ti ní ẹ̀sùn díẹ̀ ni ọfọ̀. Yorùbá tó já gaara ni àwọn ẹni inú ìwé náà fi ń pe agbára, ó sì wú mi lórí pé ó fi àmì ohùn sí i, nígbà tí àwọn pátákó ìpolówó ní Lágere kò ní. Ṣùgbọ́n bí ẹni ń gbàdúrà ni ó rí. Ọfọ̀ ilé wa ń ṣiṣẹ́ nípa ìró: a ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, orúkọ ewé náà fúnra rẹ̀ ló ń kọ ẹ̀tẹ́. Ìyẹn kò sí níbẹ̀, kò sì lè sí níbẹ̀, nítorí etí tí ń gbọ́ èdè láti kékeré ló ń mú un. Bí ọmọ yín bá fẹ́ kọ irú ìwé yìí, ohun tí Tomi lọ wá dé òkè òkun ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́ nínú ilé yín.

Ọmọ Obòkun (Ìsọ̀kun, Iléṣà) dáhùn pé:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iṣẹ́, nítorí òun ni bàbá béèrè, èmi náà sì ń kọ ìtàn. Children of Blood and Bone kọ́ ni ìwé àkọ́kọ́ tí Tomi kọ. Ó ti fi ọdún mélòó kan kọ òmíràn ṣáájú rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn aṣojú òǹkọ̀wé, ìyẹn àwọn tó ń bá òǹkọ̀wé wá atẹ̀wéjáde, kò sì ta. Gbogbo àsìkò yẹn ó ń ṣiṣẹ́ oṣù: ilé iṣẹ́ fíìmù kan ní Los Angeles ló wà, kíkọ̀wé sì jẹ́ iṣẹ́ àfikún. Ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ Children of Blood and Bone ni ó fi í dìje nínú Pitch Wars, ìdíje kan tó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2022, níbi tí àwọn tó ti tẹ̀wé jáde ti máa ń mú akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan nígbà náà, tí wọn ó bá a tún iṣẹ́ rẹ̀ kọ kí àwọn aṣojú tó rí i. Àtúnkọ yẹn ni kò hàn sí ọmọ tó ń ka ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ tán.

Ọdún 2017 ni ilé iṣẹ́ Fox 2000 ra ẹ̀tọ́ láti fi ṣe fíìmù, kí ìwé fúnra rẹ̀ tó jáde ní oṣù kẹta 2018. Ó bọ́ sí òkè àtẹ ìwé ọ̀dọ́ tó ń tà jù nínú New York Times, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Andre Norton àti Lodestar, ìwé ìròyìn Time sì ka Tomi mọ́ àwọn 100 ènìyàn tó lágbára jù lọ ní 2020. Ìyẹn ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Ohun tí èmi máa ń wò ni pé ìwé kejì tó tẹ̀lé ìtàn náà jáde ní oṣù kejìlá 2019, a kò sì rí ẹ̀kẹta títí di oṣù kẹfà 2024. Ọdún mẹ́rin ààbọ̀! Fíìmù náà kúrò lọ́wọ́ àwọn tó kọ́kọ́ rà á, ó bọ́ sọ́wọ́ Paramount, Gina Prince-Bythewood ló ń darí rẹ̀, Thuso Mbedu láti Gúúsù Áfríkà ló sì ń ṣe Zélie, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí. Oṣù kìíní 2027 ni wọ́n dá fún un, ìyẹn ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n ti sanwó àkọ́kọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó gba fọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì rẹ̀, kí ó sì máa kọ ìtàn lálẹ́. Mo fi ìwé mi ránṣẹ́ sí atẹ̀wéjáde kan, mo sì dúró fún oṣù mẹ́rìnlá láìgbọ́ "a rí i gbà". Owó ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni ni mo ń jẹ títí di òní.

Bàbá Àbẹ̀kẹ́ (Lágere, Ilé-Ifẹ̀):

Ẹ ṣé púpọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un lánàá, ibi ìwé tí kò tà ló ti dákẹ́. Nígbà tí mo fi máa jí láàárọ̀, ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, ó ń fi bírò pupa kọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa Ọya, màmá sì ń ní kí ó pa èyí rẹ́, kí ó tún un kọ. Ó ní kí n bi yín bóyá ìwé kejì wà nítòsí.

Ìyá Ìkàwé (Mayfair, Ilé-Ifẹ̀):

Ó wà lọ́dọ̀ mi. Kí ó wá gbà á lọ́jọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n ẹ bá a fi bébà tó nípọn bo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó tó ṣí i.