Oògùn márùn-ún ni wọ́n kọ fún àbúrò mi: ṣé gbogbo rẹ̀ ló pọn dandan?

Ìyá Ìbejì, Èbúté-Mẹ́ta

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo gbé wá. Láti 2014 ni àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní schizophrenia ti mú un: ó ń gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́, ó ní àwọn ará ilé kejì ń ka ohun tó wà lọ́kàn òun. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Èmi ni mo ń ka oògùn rẹ̀ sí i lọ́wọ́ lálaalẹ́ tí mo bá ti ọjà Òyìngbò dé.

Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ọ̀rá oògùn náà wà níwájú mi. Haloperidol 5mg láàárọ̀ àti lálẹ́. Risperidone 2mg lálẹ́. Carbamazepine 200mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Artane 5mg lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wá fi abẹ́rẹ́ Modecate kún un, èyí tó ń gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni wọ́n kọ gbogbo rẹ̀. Haloperidol ló kọ́kọ́ ń lò. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tí ọrùn rẹ̀ sì le, wọ́n fi Artane sí i. Nígbà tó ń fi oògùn pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, wọ́n ní kó máa gba abẹ́rẹ́. Ní 2021, dókítà kan tó máa ń ní sùúrù fún un sọ fún mi pé òun fẹ́ fi risperidone rọ́pò haloperidol: bí èyí bá ṣe ń gòkè ni tọ̀hún á máa lọ sílẹ̀. Kó tó parí ẹ̀, ó ti lọ sí ìlú òyìnbó. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ohun tó wà nínú fáìlì ni wọ́n ń dà kọ. Ti carbamazepine, mi ò tiẹ̀ rántí ẹni tó kọ ọ́.

Owó náà pọ̀, àmọ́ òun kọ́ ló ń dùn mí jù. Ọmọ tó máa ń kọ fújì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni. Ní báyìí, ó ń sùn títí di ọ̀sán, ẹnu rẹ̀ gbẹ, ó lè tó ọjọ́ márùn-ún kó tó yàgbẹ́, ó sì ń gbàgbé nǹkan. Ohùn náà ò sì lọ tán. Ṣé kí n yọ haloperidol fúnra mi ni?

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ṣómólú

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má yọ ọ́ fúnra yín, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Mo ti rí ẹni tí ìyá rẹ̀ dá oògùn rẹ̀ dúró lójijì. Oorun ló kọ́kọ́ lọ. Kó tó pé oṣù méjì, wọ́n ti fi okùn dè é wá bá wa.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ rí, òótọ́ ni. Haloperidol, risperidone àti Modecate, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń dí ọ̀nà dopamine, kẹ́míkà kan tó ń gbé iṣẹ́ kiri nínú ọpọlọ. Bí wọ́n bá ti dí i tó, àfikún kì í sábà lé ohùn lọ, ara ló ń mú le. Ara líle ló bí Artane. Artane ló lè máa gbẹ ẹnu rẹ̀, tó ń dí ìfun, tó ń mú un gbàgbé.

Ti carbamazepine ni kí ẹ tètè béèrè. Ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára fọ́ haloperidol àti risperidone dànù. Ẹ ń ra oògùn, òmíràn ń lé e jáde! Òun náà, ẹ má yọ ọ́ láìjẹ́ pé dókítà mọ̀, torí agbára àwọn tó kù á ga sókè.

Bí wọ́n bá ti lo oògùn méjì lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìwọ̀n tó péye, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, tí ohùn ò lọ, clozapine ló yẹ kí wọ́n rò. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń bá a rìn, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, torí ó lè dín sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà kù. Wọn kì í sì í fi carbamazepine sí i.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Màmá, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, èmi tí mò ń gbé oògùn yìí mì. Lílo oògùn méjì pa pọ̀ kì í ṣe àṣìṣe nígbà gbogbo. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ní Finland gbé ìwádìí jáde lórí aláìsàn 62,250. Àwọn tó ń lo clozapine pẹ̀lú aripiprazole, oògùn mìíràn fún àìsàn yìí, kì í sábà padà sílé ìwòsàn tó àwọn tó ń lo oògùn kan ṣoṣo.

Mẹ́ta ni èmi ń lò tẹ́lẹ̀, ó ku ẹyọ kan. Oṣù mẹ́jọ ló gbà. Ní oṣù kejì, mi ò sùn fún òru mẹ́ta, dókítà sì dá díẹ̀ padà kó tó tún máa dín in kù. Àǹtí, ẹ jẹ́ kí àbúrò yín fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí mi bíi pé mi ò sí níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Èbúté-Mẹ́ta

Màmá, àti ìwọ Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, Ọlọ́run á san yín lóore. Lálẹ́ àná ni mo bi àbúrò mi pé oògùn wo ló ń ni í lára jù. Ó ní, “Èyí tó ń mú ẹnu mi dà bí òwú.” Gbogbo ọdún tí mo ti ń fún un, mi ò bi í rí.

Ọjọ́rú ni kíníìkì wa. Mo ti kó gbogbo páálí oògùn sínú ọ̀rá kan, mo sì kọ ọdún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé sínú bébà. Ohun tí dókítà yẹn sọ ní 2021 ni mo fi sókè pátápátá. Àbúrò mi ní òun ló máa mú bébà náà dání.